Ẹsẹ̀ Ló Fi Ń Wò

Ojú oró ní í lékè omi,
òṣíbàtà ní í lékè odò;
ohun tí Fumie ń wá kò sí lókè.

Oṣù kìíní, létí adágún Kasumigaura.
Yìnyín tín-ín-rín bo omi bí awọ orí ògì tó ń tutù.
Ewé lótọ́ọ̀sì tó fẹ̀ bí agboòrùn nígbà ooru
ti rọ, ó ti dúdú, igi rẹ̀ dá ní orúnkún.
Ẹni tí kò mọ̀ á ní oko ti kú.

Ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin
wọ ṣòkòtò rọ́bà tó dé àyà,
ó rìn wọ inú ẹrẹ̀ títí ó fi mù ún dé ìbàdí.
Kò fojú wá a. Ẹsẹ̀ ló fi ń wò,
ó ń rọra tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń wá bàtà lóru
tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn.

Yasuji ló gbin ti ọdún yìí.
Oṣù kẹrin èṣí, ó ń wúkọ́, ó ń tẹ́ wọn ní ìbúlẹ̀,
ó kọ orí èéhù sí àárín oko:
"Bí wọ́n bá kọjú síta, oko Nemoto ni wọ́n ń lọ."
Nígbà tí òdòdó là,
ẹni tó gbìn ín kò sí láyé láti kà á.

Ẹsẹ̀ kan nǹkan.
Ó darí omi ọ̀pá rọ́bà sí i, ẹrẹ̀ hó, ó ru;
ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ bí agbẹ̀bí,
iṣu inú omi sì jáde, oríkèé mẹ́rin, gígùn bí apá,
ó funfun bí ẹni pé kò gbé inú ẹrẹ̀ rí.
Kò ṣẹ́. Bí ó bá ṣẹ́, ẹrẹ̀ á wọ ihò rẹ̀, ọjà á kọ̀ ọ́.

Èmi tí mò ń gbé àpótí, ọwọ́ mi ti kú.
Mo ní, "Ìyá, ṣé òtútù ò mú yín ni?"
"Ó mú mi. Ṣé kí n wá dúró dè é ni?"

Lálẹ́, ó gé ọ̀kan pẹlẹbẹ.
Níbẹ̀, wọ́n ní ihò rẹ̀ lèèyàn fi ń rí ọdún tó ń bọ̀.
Yasuji a máa gbé e sójú, a máa purọ́:
"Mo rí owó! Mo rí ọmọ-ọmọ méjì!"
Fumie náà gbé e sójú. Ó pẹ́ níbẹ̀.
"Kí lẹ rí?"
"Omi tíì. Ó ti ń hó. Dìde, sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, nínú garawa,
mẹ́ta tó ní èéhù wà lọ́tọ̀.
Kò fọ ẹrẹ̀ ara wọn.