Kọ́kọ́rọ́ Kejì

Aago mẹ́ta òru ni mo jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun,
ìwé ìṣirò ọmọ mi lórí orúnkún,
pẹ́ńsùlù lẹ́nu bí ẹní ń rin orín.
Ní Ápíà, òkun kì í sùn; oníbúrẹ́dì náà kì í sùn.
Rédíò ti sọ ọ́ lálẹ́: ọ̀fìnkìn kan ń bọ̀ láti òkèèrè,
kò tí ì dé, ó lè má dé,
kí oníṣòwò tún ilé rẹ̀ tò.

Ìyá ìyá mi, Taligi, kò nílò rédíò.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀
pẹ̀lú ìyẹ̀fun, pẹ̀lú lẹ́tà, pẹ̀lú ikọ́.
Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó kú ni àìsàn pa.
Àwọn mìíràn, ebi ni,
nítorí ẹni tó mọ ọ̀nà oko kókò ti dùbúlẹ̀,
ẹni tó lè dáná ti dùbúlẹ̀,
ọmọdé sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ìkòkò òfìfo dání.
Ìkòkò yẹn ni mo ń rí.

Mo kọ orúkọ sílẹ̀.
Ueli, ẹni ààrò. Pisa, awakọ̀. Faatasi, apòyẹ̀fun.
Mo fi pẹ́ńsùlù pa Ueli rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹní ń tọrọ àforíjì,
ààrò sì kú lórí ìwé.
Ogún ọdún ló ti ń fetí sí i:
tó bá hó báyìí, epo ń tán;
tó bá dákẹ́ báyìí, ẹ sá.
Èmi tí mo ni ààrò, n kò mọ èyí tí í ṣe èwo.
Kọ́kọ́rọ́ ilé ààrò sì rèé, ọ̀kan ṣoṣo, ọrùn mi ló wà.

Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n arọ náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò gbé òun pọ̀n.

Ueli rẹ́rìn-ín: "Ọ̀fìnkìn ò mọ ilé mi."
Mo ní kì í ṣe èpè, ìwé lásán ni.
Mo fi Lagi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Lọ́jọ́ kìíní, ogójì búrẹ́dì àgbọn di èédú.
A jẹ wọ́n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú tíì, a ò wojú ara wa.

Bí ọkọ̀ ìyẹ̀fun bá kọ̀ tí kò wá,
a ó lọ jálókè gbígbẹ mọ́ èyí tó kù.
Faatasi ní yóò le bí bàtà.
Mo ní ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó bẹ bàtà.

Owó ló le jù.
Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó dúró sílé: mo kọ ọ́,
ọwọ́ mi sì dúró.
Ọmọ mẹ́fà ni Pisa ní. Yóò gbé ikọ́ rẹ̀ mì bí oògùn,
yóò wọ ọkọ̀, yóò pín in pẹ̀lú búrẹ́dì
láti abúlé dé abúlé.
Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn jẹ́wọ́ ikọ́.
Mo ṣí agolo bisikíìtì, owó òrùlé tuntun.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta:
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, fún ẹni méje, bí èmi kò bá mú nǹkan kan.
Òrùlé yóò máa jò. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Oṣù kẹjọ rèé. Rédíò ti gbé ọ̀rọ̀ mìíràn.
Ìwé náà wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
òróró ti mu orúkọ Pisa dé ìdajì.

Lóru àná, Lagi dá ọwọ́ dúró.
"Ó ń tán," ló wí.
Ueli tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan.
A ti igi bọ inú àgbá epo:
ó ku ìka méjì.

Kọ́kọ́rọ́ kejì ti wà lápò mi láti oṣù kẹta,
tí mo ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé.
Mo yọ ọ́. Ó ti gbóná mọ́ ara mi.
Mo fi lé e lọ́wọ́, ìyẹ̀fun àti gbogbo rẹ̀.