Wákàtí Tí Mo Máa Ń Pa Iná

Ní Rotherham, nínú oṣù Kejìlá,
ilẹ̀ ti ṣú kí aago mẹ́rin tó lù.
Gbogbo ilé ló ń tan iná lẹ́ẹ̀kan náà,
kẹ́túlù ń hó, ẹ̀rọ amúlégbóná ń kùn,
àwọn ọmọ ti ilé ìwé dé, wọ́n ń bèèrè oúnjẹ,
owó iná á wá fò sókè bí ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbóhùn ajá.

Mo jókòó ti tábìlì kan lókè ilé ìyọ́rin,
mo ń gé ọjọ́ sí ààbọ̀ wákàtí, ààbọ̀ wákàtí,
bí ẹni ń gé iṣu fún ilé tí ẹnu pọ̀ sí.
Ìléru ńlá wa, Doreen ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é.
Ọ̀jẹun ni.
Iná tí odindi ìlú kékeré fi ń ṣọdún,
ìgbẹ́mì kan ni lọ́nà ọ̀fun Doreen.
Bó bá la ẹnu ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́,
èrè ọ̀sẹ̀ kan ti bá èéfín lọ.
Ni mo ṣe kọ ọ́ síwèé:
aago mẹ́rin sí méje, kí Doreen sùn.
Kí wọ́n to àlòkù irin, kí wọ́n fi gírísì pa kireni, kí wọ́n gbálẹ̀.
Aago mọ́kànlá òru, kí Doreen jí,
nígbà tí ìlú ti sùn, tí afẹ́fẹ́ orí òkun
ń yí àwọn abẹ̀bẹ̀ gàgàrà lásán.

Hollis, ọ̀gá mi, ní ọgbọ́n ìgbàlódé ni.
Ó mú mi lọ sí Leeds, kí n ṣàlàyé fún àwọn onítáì.
Mo ṣàlàyé. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
N ò sọ fún wọn pé ní Mọ́níyà,
aago méjì òru ni ẹnìkan ń kígbe "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!"
tí ìyá mi á dìde sí áyọ́ọ̀nù, ẹ̀gbọ́n mi sí ẹ̀rọ omi,
tí bàbá mi, wẹ́dà, á wọ pajámà jó géètì oníbàárà.
Ta ló pàtẹ́wọ́ fún un?
Iná ní í yan wákàtí, tiwa ni ká jí.

Níhìn-ín, èmi ni mò ń yàn án.
Ó dùn mọ́ mi, n ò ní purọ́,
títí Zafar fi gun àtẹ̀gùn wá, akoto lábíyá.
Kò bínú. Ó ní kí n ṣáà wo bébà kan
tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ fíríìjì:
"Dádì, eyín mi kan ti yọ.
Mo fi í sínú ife yín kí ẹ lè rí i."

Mo padà sórí ìwé mi.
Ìlà wà fún owó, ìlà wà fún afẹ́fẹ́,
ìlà wà fún ìwọ̀n irin.
Mo fa ìlà kan sí i, mo kọ orúkọ wọn síbẹ̀,
mo gbé ìyọ́ Ọjọ́bọ̀ sí ọ̀sán Sọ́ńdè,
mo pín òru tó kù kiri.
Hollis kà á. Ó ní, "Irínwó pọ́n-ùn ló fi wọ́n sí i."
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò tíì fọwọ́ sí i.

Aago mẹ́rin lù. Doreen dákẹ́.
Mo gba ojú fèrèsé wo àwọn ilé tó ń tàn,
mo pe bàbá mi.
Ó ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
òun ò ráyè,
kí n pè padà.