Ọdún Àwo

Bàbá àgbà mi a máa ka ọdún bí ẹni ka gbèsè:
ọdún eṣú, ọdún ilẹ̀ gbígbóná,
ọdún tí wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ tẹ́ irin sílẹ̀ fún ọkọ̀.
Èmi, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní.
Ọdún Àwo.
Ẹ má rẹ ohùn sílẹ̀, kì í ṣe awo tí obìnrin kì í rí;
àwo ni mo wí, dúdú, pẹlẹbẹ, ihò kan láàárín,
tí ọkọ̀ ojú irin gbé gòkè wá láti Kútọnu
lọ́sàn-án ọyẹ́ kan, tí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́
fi eruku borí bí ìyàwó tuntun.

Wòrú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ń fi àsíá sí ọkọ̀ ní gáà,
ló gbà á lọ́wọ́ awakọ̀.
Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e.
Ó gbé e sáyà, ó ń sáré, ó ń kígbe: Bìọ̀ ti kọrin!
Bìọ̀ wo?
Bìọ̀ tí ń wọn òwú?
Bìọ̀ tó ta kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ra gìtá olókùn márùn-ún
(ìkẹfà ti já kó tó kàn án)?
Òun náà ni.

Lọ́dún yẹn, Kútọnu ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà.
Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀,
àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ ń fun fèrè títí ètè fi wú,
ṣòkòtò ń gbálẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹni tí kò rí oúnjẹ alẹ́ jẹ.
Rédíò kì í sùn.
Ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ ohùn ilé wa nínú rẹ̀ rí.

Wòrú to bátìrì mẹ́fà sórí páànù kí oòrùn lè jí wọn.
Ó fi owó dálà kan lé abẹ́rẹ́ lórí kó má baà fò.
Sẹ́fù gáà jókòó lórí àpótí, kẹ́pì ń bẹ lórí rẹ̀.
Àwo yí.
Ó kọ́kọ́ hà, bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀,
fèrè wọlé, gìtá tẹ̀ lé e,
èdè Fọ̀n lọ títí, a gbọ́ díẹ̀, a fi orí gba ìyókù.
Ó kù díẹ̀ kó parí ni Bìọ̀ padà wálé:
*Ẹni tó bù mí lómi ní gáà,
òùngbẹ rẹ ló kù tí ń gbẹ mí.*

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Wòrú gbé abẹ́rẹ́ padà. Ó tún gbé e padà.
Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá.

Ìyá Yọ̀n olómi tútù ní òun ni.
Ìyàwó katikísì náà ní òun ni, ọkọ rẹ̀ dúró tì í.
Igbá fọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìborí ya.
Ìyá mi ń pa ẹ̀pà lábẹ́ igi kajú,
kò gbójú sókè.
Ó ń ju ẹ̀pà nù,
ó ń kó èèpo sínú igbá.

Láti ìgbà náà ni bátìrì ti ń kú lóru nílé Wòrú.
Ó ní àwa ọmọdé ni.

Bìọ̀ ò padà. Wọ́n ní Àbíjàn, wọ́n ní Gàbọ́n.
Ọkọ̀ náà ò wá mọ́; ewúrẹ́ ń jẹ koríko láàárín irin.
Lọ́dún tó kọjá a ṣí àpótí ìyá mi:
aṣọ mẹ́rin, ìwé ìbí mi,
àwo.
N kò ní ẹ̀rọ tí n ó fi gbọ́ ọ.
Mo dà á sí oòrùn, mo ń yí i wò.
Ibi gbogbo dúdú, ó ń dán,
àfi nítòsí àárín,
níbi tí okùn funfun kan gbà kọjá,
ó ti jẹ bí ọ̀nà odò.

Pàṣán mẹ́ta ni mo jẹ nítorí bátìrì yẹn.