Ìlà Funfun Lójú Ẹyẹ

Àárọ̀ ọyẹ́, mo ń ka òpó òṣùwọ̀n ní adágún Ọ̀wẹnà, lọ́nà Oǹdó,
iṣẹ́ tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ fún mi nígbà tó bá rántí.
Omi ti fà sẹ́yìn ní ìgbọ̀nwọ́ méjì.
Ẹyẹ mẹ́sàn-án wà níbi òṣíbàtà,
wọ́n kéré, wọ́n ràwọ̀ bí ewé kòkó tó gbẹ.

Akínsúyì apẹja ní, "Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Mofiyìn ni. Wọ́n já."
Mo ní pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Mofiyìn kò lè fò kọjá ògiri.
Ó ní, "Iyàn jíjà kì í yó ni,"
ó tukọ̀ lọ.

Mo jókòó.
Wọn kì í mòòkùn.
Orí nìkan ní ń wọlé, ìdí á ṣẹ́ sókè
bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ létí odò;
tàbí kí wọ́n tẹ́ àgógó lé ojú omi,
kí wọ́n máa sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì:
omi á ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu,
hóró koríko á kù sínú bí èèrí.

Ọkọ̀ Akínsúyì sún mọ́ wọn.
Wọn kò sáré lórí omi kí wọ́n tó gbéra.
Fìrì! Òkè tààrà, bí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu.
Mo rí èjìká ìyẹ́ wọn:
àwọ̀ àdìrẹ tí a fọ̀ títí tó fi ṣá.

Ṣùgbọ́n èwo ni akọ? Gbogbo wọn jọra.
Mo kọ ọ́ sí etí ìwé òṣùwọ̀n:
mẹ́sàn-án, n kò mọ orúkọ.
Ọ̀gá wá láti Àkúrẹ́, ó fi bírò pupa fa ìlà sí i:
"Omi la ní kí o kà."

Oṣù Èrèlé, ooru mú.
Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, mẹ́rin nínú wọn ti paradà:
ìlà funfun láti òkè ojú dé ẹ̀yìn ọrùn,
bí ẹni fi ìka kan ṣoṣo fa ẹfun.
Abo kò yí padà; ìlà dúdú ló la ojú tirẹ̀ já.
Akọ kan sì fọhùn, kẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀,
bí ẹni fi èékánná ha eyín òòyà.

Mo pe Akínsúyì. Ó wò ó, ó wò ó.
"Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Mofiyìn," ó ní, "kì í lé tìróò funfun."

N kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi tó ti wá,
lọ́hùn-ún tí omi ti ń di òkúta.
Èmi sọ ọ́ ní Afẹfunlójú.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóru.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti ga sí i ní ìka mẹ́rin.
Mo kọ ọ́.
Mo kọ òdo sí etí ìwé,
kí bírò pupa lè rí nǹkan jẹ.