Àwòrán Kẹta

Aago méjì òru ku díẹ̀ ní Òkè-Ìlẹ̀wó.
Ínfátà ń kùn lábẹ́ tábìlì bí oyin tí kò rí ilé wọ̀.
Díìsì àtijọ́ wà níwájú mi, ó ń ta kẹ́, kẹ́, kẹ́,
ìró orúnkún arúgbó tó ń dìde lórí ẹní.
Mo mọ ìró yẹn.
Kò ní í rí ọjọ́ Àìkú.

Ọ̀gá Ṣógbàmú ló fi í sílẹ̀ fún wa:
fáìlì kan ṣoṣo, àwòrán mẹ́fà nínú rẹ̀,
odidi kọ̀ǹpútà mẹ́fà tó ń sùn
bí ọmọ ìyá lórí ẹní kan, tí ẹsẹ̀ wọn lọ́ mọ́ra.
Ó sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀:
Èkíní, ti ilé ẹ̀kọ́ Ìdí-Àbà, kò dáa.
Èkejì, ó sàn díẹ̀.
Ẹ̀kẹta, eléyìí ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.
Mẹ́ta tó kù kò lórúkọ.
Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ nígbà náà.

Mo ṣí fèrèsé dúdú.
Kò sí bọ́tìnì níbẹ̀, kò sí àwọ̀,
àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń ṣẹ́jú
bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò tíì gbọ́ èsì.
Ibi tí mo ti ń mú un kúrò ló ń ṣáájú,
nọ́ńbà tẹ̀ lé e,
ibi tó ń lọ ló kẹ́yìn.
Lọ́dún tó kọjá, Tájù kọ “gbogbo” síbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà,
mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dìde, wọ́n tẹ̀ lé e,
ilé tuntun kún dé ẹnu ọ̀nà.
Mo kọ 3. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá. Mọ́kàndínlógún.
Ohun tó ń yà mí lẹ́nu rèé:
ohun tí ibi tuntun bá ti ní,
irinṣẹ́ yìí kì í rù ú mọ́.
Á wo àmì ara rẹ̀, á dá a mọ̀,
á kàn na ìka sí i: ó ti wà níbí.
Ìwọ̀nba ohun tí ibẹ̀ ò ní ló ń pọ̀n sẹ́yìn.

Mo rántí àwọn tó sá wá sábẹ́ àpáta yìí.
Wọn ò ru ògiri. Wọn ò ru odò.
Òkúta ti wà níbí, Ògùn ti ń ṣàn níbí,
orúkọ ni wọ́n rù:
Ìtòkò, Kémta, Ìjẹjà, Ìgbẹ̀in,
wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín òkúta.
Ìyá bàbá mi ní Kémta, títí ó fi kú,
bí o bá ní Ẹ̀gbá kan náà ni gbogbo wa,
á ṣe ọ́ ní òṣé tó gùn.
Ẹ̀dà ni wá, ẹ̀dá sì ni wá;
ohùn ló pín wọn níyà.

Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ínfátà han gooro.
Iná pupa.
Díìsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.
Ajá kan gbó lápá Ìbàrà, ó gbàgbé ìdí rẹ̀.
Kẹ́.
Méjìlélọ́gọ́ta.

Nígbà tó pé, mo ní kó yẹ ara rẹ̀ wò,
ó ní òun ò sọ nǹkan kan nù lọ́nà.
Ẹ̀kẹta ti di èkíní níbi tuntun,
ṣùgbọ́n orúkọ kò yí:
eléyìí ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án.
Mo fọwọ́ kàn án.
Mo ṣí i, mo bá ìwé pélébé kan níbẹ̀,
ìlà kan péré, ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn:
Ìyá oníbúrẹ́dì, igba náírà, mo jẹ ẹ́.

Gbèsè náà bá wa dé, kò dín ní kọ́bọ̀.
Ìyá oníbúrẹ́dì ti kó lọ sí Ọbańtokò, wọ́n ní.
Igba náírà ò tiẹ̀ ra ìdajì búrẹ́dì mọ́.
Ilẹ̀ ń mọ́ lórí páànù tó ti pọ́n.
Díìsì àtijọ́ tún ta kẹ́.
Mi ò tíì yọ ọ́.