A Dé Ọ̀dọ̀ Aláǹgbá

Ilẹ̀kùn han goro bí mo ṣe ṣí i.
Ọyẹ́ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣáájú wa,
ó ru eruku Òkè Ọya dání
bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣíwájú.
Mo fi òrí pa Abíọ́nà lẹ́sẹ̀, mo pa á létè,
mo pa Ìgè títí ó fi ń dán bí bàtà ọjọ́ Kérésì.
Sùẹ́tà bàbá wọn ló wọ̀, ó gùn kọjá orúnkún,
apá rẹ̀ méjèèjì ń gbálẹ̀ kiri.
Mo pọn Àṣàkẹ́, mo fi ọ̀já méjì gbà á.

Mo ti pinnu: títí dé orí òkè ni.
Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ní Ṣábẹ̀
ni mo ti ń wò ó láti ojú fèrèsé:
mo ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, mo ń wò ó,
mo ń rẹ ọmọ tó ń ké, mo ń wò ó,
n kò fi ẹsẹ̀ ara mi kí i rí.

A dá ojú irin kọjá. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́.
Ìgè fi etí lé e, ó ní ọkọ̀ kankan kò bọ̀.
Mo ní, “Ó ti pẹ́ tí kò ti bọ̀.”
Ọlọ́kadà kan tó fi tówẹ̀lì wé orí dẹ ìrìn:
“Ìyá, níbo lẹ ń kó wọn lọ nínú òtútù yìí?”
Mo nàka. Kò sí ohun tí mo nàka sí.
Kúrukúru ti fi òkè ṣe òkèlè,
ó ti gbé e mì.

Ìgè tó fẹsẹ̀ wáyé
ló kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ òun ti tán.
A kò tíì kúrò lábẹ́ igi kajú!
Mo ní, “Ìwọ tó fẹsẹ̀ jáde síni lọ́wọ́,
ṣé ìwọ ló yẹ kí ẹsẹ̀ máa ro?”
Ó ní, “Ìgbà yẹn kò sí òkè.”

Abíọ́nà, tí mo bí lójú ọ̀nà Kétu
lẹ́yìn ọkọ̀ tó kó iṣu,
òun ló fi àlọ́ fà á:
“Ó ń bu ni jẹ, kò léyín.”
“Ọyẹ́!”
Ìgè náà ronú, ó fa imú:
“Ó gbé òkè mì, kò lè gbé èmi mì.”
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rìn dé ìdí àpáta.

Níbẹ̀ ìrìn wa di ti ìgbín.
Mo ń fa ọwọ́ kan, mo ń ti ìdí kan,
Àṣàkẹ́ sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn mi;
ọmọ tó sùn a máa wúwo ju èyí tó jí.

Ibi tí oòrùn ti kọ́kọ́ kan òkúta,
oòrùn tó rí bíi pupa ẹyin,
a bá aláǹgbá kan. Kò sá.
Òtútù ti dè é mọ́lẹ̀.
Ìgè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.
“Màmá, ṣé ó ti kú?”
“Ó ń dúró de oòrùn ni.”
“Ẹ jẹ́ kí àwa náà dúró.”

Mo wòkè. Ó kù díẹ̀, bóyá ìdá kan nínú mẹ́ta.
Mo ti pinnu, ẹ rántí.
Ọ̀rọ̀ líle ti dé ọ̀fun mi
nígbà tí Abíọ́nà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé àpáta:
“Ó ti ń móoru. Ẹ fọwọ́ kàn án.”
Mo fọwọ́ kàn án.
Bí ìdí ìkòkò tí iná rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn.

A mu ògì tó kù nínú fúláàsì.
Òrùlé páànù kan yọ nísàlẹ̀,
lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà n kò kà á mọ́.
Aláǹgbá gbórí. Ó mirí lẹ́ẹ̀kan,
lẹ́ẹ̀mejì,
àfi fìrí.

Ìyá ọkọ mi ń yáná nígbà tí a wọlé.
“Ẹ dé orí òkè?”
Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi bo ojú
tí Ìgè fi gbà á lẹ́nu mi:
“Rárá o, Yèyé. A dé ọ̀dọ̀ aláǹgbá.”
“Ẹ kí i?”
“A kí i.”
“Ó dáhùn?”
“Ó mirí.”