Kọ́kọ́rọ́ Márùn-ún

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ l'Óke-Ìlẹ̀wọ́.
Oníbàárà tó kẹ́yìn ti tayín tán, ó ti lọ.
A ti gbé àga dojú dé orí tábìlì,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìnkùlé bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀.
Mo jókòó ti káńtà, mo ṣí fóònù,
fọ́ọ̀mù ìjọba ìlú òtútù ń bi mí pé
kí ni iṣẹ́ mi, kí n ṣàlàyé ní kíkún.

Mo kọ ọ́: mánéjà ilé oúnjẹ. Ọdún mẹ́sàn-án.
Ènìyàn mẹ́rìnlá lábẹ́ mi.
Àyè ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ṣì ṣófo nínú àpótí náà.

Kí ni kí n kọ?
Pé bí ọmọ Ìyá Ṣówẹ̀mímọ́ kò bá pè láti Líbíà,
ọwọ́ iyọ̀ rẹ̀ a máa wúwo,
n óò tọ́ ọbẹ̀ wò kí ó tó jáde,
n óò bá a sọ̀rọ̀ ọmọ, n kò ní mẹ́nu ba iyọ̀?
Pé mo mọ ohùn fíríìjì tó fẹ́ kú
kí ó tó kú,
mo ti kó ẹran lọ sílé oníyìnyín ní Kútọ̀
kí ẹnikẹ́ni tó gbóòórùn?
Pé mo máa ń da ìrẹsì Ọ̀fadà sórí tíréè,
mo ń ṣa òkúta inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan:
abẹ́ òkúta la kúkú ń gbé,
èyí tó wà lókè orí wa ti tó,
a kò tún fẹ́ ti ẹnu.

Máàkì wo ló wà fún ìyẹn?
Máàkì wà fún ọjọ́ orí.
Mo pé méjìdínlógójì lóṣù tó kọjá,
wọ́n ti yọ díẹ̀ lára tèmi.
Máàkì wà fún èdè Òyìnbó,
wọ́n ní kí n wá ṣèdánwò, kí n sanwó rẹ̀,
èmi tí mo ti fi èdè yẹn pẹ̀tù sí lọ́yà mẹ́ta
tó ń jà lórí ẹja kan ṣoṣo.

Fọlárànmí ló wà lórí àga yìí kí n tó dé.
Ó fi fọ́tò ránṣẹ́: yìnyín dé orúnkún,
fìlà onírun, ẹ̀rín.
Ó gbà á lóṣù mẹ́jọ kí ó tó sọ fún mi
pé àlùbọ́sà lòun ń gé níbẹ̀,
pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan ló ń pàṣẹ fún òun,
tí kò mọ bí a ti ń di ọ̀bẹ mú.
"Ṣùgbọ́n iná kì í lọ. Ọmọ mi ń kàwé. Máa bọ̀."
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí abọ́ ń kan abọ́.
"Máa bọ̀ o, jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tí mo lè bá ṣẹ̀fẹ̀."

Ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́.
Mo gbé e lọ bá a n'Íbarà lọ́jọ́ Ajé.
Ó kà á, ó bọ́ awò ojú, ó tún kà á.
"Gbogbo eléyìí lò ń ṣe?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.
"N ò mọ̀." Ó wo ògiri. "Owó oṣù rẹ kéré sí i."
Kò fi kún un.
Ó fọwọ́ sí i.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ni yóò gbẹ.
Ògùn ti ń gba abẹ́ afárá Lafẹ́nwá kọjá láti ọjọ́ tó ti pẹ́;
n kò tí ì rí i kó wẹ̀yìn.

Múfútáù ń nu tábìlì.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún lòun náà.
Kì í purọ́. Ó máa ń pẹ́ dé lọ́jọ́ òjò.
Mo na ìdì kọ́kọ́rọ́ sí i:
ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti yàrá ẹran,
ti jẹnẹrétọ̀, ti àpótí owó.
"Ka owó òní. Kọ ọ́ sílẹ̀. Mò ń wò ọ́."
Ó kà á. Ó dín ní igba náírà. Ó gbójú sókè:
"Àǹtí, ṣé ẹ ń rìnrìn-àjò ni?"

Igba náírà náà wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìṣirò. Mo ti rí i.
"Tún un kà," ni mo wí.